Ẹni Tó Kù Lórí Bẹ́ńṣì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdáwà ṣe ń ṣe ọmọ èèyàn, kò dìgbà tó bá wọ aginjù. Kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà lọ́jọ́ Ìsinmi, kó má jẹ́ ọmọ ìjọ, kó jókòó sáàárín bẹ́ńṣì, kó sì dúró di àsìkò tí wọ́n máa gba Ara Olúwa. Gbogbo bẹ́ńṣì á dìde. Bàbá tó wà lápá ọ̀tún á ní kó jọ̀ọ́ kí òun kọjá, ìyá tó wà lápá òsì á fi orúnkún gbún tirẹ̀, gbogbo wọn á sì tò lọ síwájú pẹpẹ. Òun nìkan ló máa kù pẹ̀lú àpò àti agboòrùn ẹni ẹlẹ́ni, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹrù.

Bí Káfíńtà ṣe ń jókòó nìyẹn, kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ le bí awọ bàtà, kò sì láya. Bẹ́ńṣì tó ń jókòó lé, òun ló tún un ṣe. Wọ́n pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì náà nítorí pé àwọn pákó ìkúnlẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ńṣì ń ké bí ìjọ bá ti kúnlẹ̀, tí Fádà fi sọ pé òun ò gbọ́ àdúrà ara òun mọ́. Iṣẹ́ náà ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò yéé wá. Àwọn tó ń rí i ní iṣẹ́ Olúwa ló wọ̀ ọ́ lára. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára. Ó bá obìnrin kan níbẹ̀ tó gbé abọ́ omi dání. Gọ́tà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó gbé ẹsẹ̀ sọdá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí igi òdòdó, ó sì ń da omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lómi mu. Káfíńtà kí i, ó sì bi í bóyá ara òdòdó náà ni ò yá.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà kejì, ibẹ̀ ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì àti kóòtù funfun àwọn dókítà. Àmọ́ aṣọ pẹpẹ kì í bá wọn wọnú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́.

"Omi aṣọ kékeré tí Fádà ń tẹ́ sábẹ́ ife nìyí," ó ní. "Àwa gbà pé búrẹ́dì àti wáìnì tó wà lórí pẹpẹ ń di Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa lóòótọ́, pé kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ojú ò lè rí i, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ tí Òun fúnra rẹ̀ sọ la gbà. Tó bá wá ṣẹ́ku èérún kan lára aṣọ, ṣé inú gọ́tà tí wọ́n ń tutọ́ sí ló yẹ kí n dà á sí? Ilẹ̀ la máa ń da omi àkọ́fọ̀ sí."

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà ló wọ Káfíńtà lọ́kàn. Ìyẹn ṣì jìnnà sí i. Ìtọ́jú yẹn ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé láàárín àwọn tó ń da gbogbo nǹkan sí gọ́tà. Ó rò ó pé obìnrin tó lè kẹ́ omi aṣọ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ràn ò lè ráhùn láyé. Kó tó gbọn ara tán, ìfẹ́ ti wọlé ọkàn rẹ̀, ó ti fa àga, ó ti jókòó.

Ìbéèrè ló fi ń lépa rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin tó bá dá ọ dúró lójú ọ̀nà pé òun fẹ́ràn rẹ, o lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ìwọ tó o jẹ́ ọmọlúàbí, wàá dúró dá a lóhùn. Káfíńtà mọ ìyẹn dáadáa. Ẹ̀wù tí ò dọ̀tí ló ń kó lọ fún alágbàfọ̀, á wá fìdí kalẹ̀ lórí àpótí, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ó bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń tọwọ́ bọ omi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Alágbàfọ̀ ní ìrántí ìrìbọmi ni, pé bí èèyàn bá ti ń wọlé, kó rántí ẹnu ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà wọlé. Ó bi í pé fìtílà pupa tó ń tàn tọ̀sán-tòru lẹ́bàá pẹpẹ ńkọ́. Ó ní ìyẹn ń sọ pé Onílé wà nílé. Ó wá bi í nípa ère Màríà, torí ìyẹn ni bàbá tirẹ̀, tí kì í ṣe Àgùdà, kórìíra jù. Alágbàfọ̀ ní kó kọ́kọ́ sọ fún òun, ta ló wà nínú àwòrán tí òun rí lára ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti kú tipẹ́, láràárọ̀ ni Káfíńtà sì ń kí i kó tó mú ayùn.

"Ṣé ẹ ń bọ ìyá yín ni?"

"Rárá o. Mò ń kí i ni."

"Àwa náà ń kí ìyá Olúwa wa ni. A sì ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wa gbàdúrà, bí ẹ ṣe lè bẹ aládùúgbò yín. Ọlọ́run nìkan là ń sìn. Ṣé torí pé ìyá kú, ó wá di àlejò ọmọ rẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Káfíńtà débi pé nígbà tó padà dé ilé iṣẹ́, ó nu eruku ojú àwòrán náà, ó sì kí i lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló le jù fún un. Kí ni èèyàn ń wá lọ síwájú èèyàn bíi tirẹ̀, tó ń ka ohun ìtìjú? Aṣọ ni Alágbàfọ̀ ń lọ̀ lọ́wọ́. Ó ní Ọlọ́run ló ń dárí jini. Ó ní nípasẹ̀ Fádà ni Ọlọ́run ń gbọ́, tó sì ń dáhùn, Fádà ò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi ikú dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn náà ló gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Èyí tí mo bá sọ nínú ara mi nìkan," ó ní, "mo máa ń gbé e padà sílé. Èyí tí mo bá fi ẹnu sọ, tí mo sì fi etí ara mi gbọ́ pé a ti dárí rẹ̀ jì mí, kì í bá mi délé mọ́. Èmi tí mò ń dá gbé, irú àlejò bẹ́ẹ̀ ò dáa kó bá mi wọlé."

Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń dá jẹun nínú ayé. Ó ní kó fẹ́ òun. Kò múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó kàn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Alágbàfọ̀ mú ẹ̀wù tí ò dọ̀tí yẹn, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní òun ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà ẹ̀wù kejì, ṣùgbọ́n kó lọ rí ìyá òun.

Ìyá náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó bu omi fún un, ó gbọ́ ọ dópin, ó sì kọ̀. Opó ni, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Kékeré.

"Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú," ó ní. "Kó tó fẹ́ mi, ó ṣèlérí pé òun á máa bá mi lọ sí Mísà. Ó bá mi lọ fún ìgbà díẹ̀, ó wá di pé orí ń fọ́ ọ, ó di pé òjò ń rọ̀. Mo dá jókòó láàárín àwọn tó mú ọkọ wọn wá títí ó fi kú. Ẹni tó máa fẹ́ ọmọ mi, kó jẹ́ ẹni tí wọ́n á jọ dìde. Ìwọ, bí gbogbo èèyàn bá dìde, ńṣe lo máa ń jókòó. Mo ti rí ọ."

Òótọ́ ni, Káfíńtà sì mọ̀ ọ́n.

Ti bàbá Káfíńtà ò tiẹ̀ gba ariwo. Alàgbà ni bàbá náà nínú ìjọ mìíràn, níbi tí wọ́n ti ri Káfíńtà bọmi ní kékeré. Ó ní kò burú, kí wọ́n ṣáà má retí òun, torí òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé tí ère wà. Ó wá ní kó bá òun wo fèrèsé yàrá tí ò ṣe é tì. Káfíńtà tún un ṣe, ó tì í wò, ó sì lọ.

Ọ̀dọ̀ Fádà ló gbà lọ. Ó ní kí wọ́n sọ òun di Àgùdà kíákíá. Fádà, àgbàlagbà tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, bi í bóyá nítorí Olúwa ló ṣe ń kánjú ni àbí nítorí ẹni tó ń fọ aṣọ Olúwa. Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó wá bi í bóyá ó gba ohun tí ìjọ gbà gbọ́ nípa pẹpẹ. Káfíńtà ronú jinlẹ̀. Ó ní apá kan ti wọ òun lọ́kàn, òun ṣì ń wo apá kan.

"Ṣé ẹ máa ń fi igi tí ò tíì gbẹ kan ilẹ̀kùn?" Fádà bi í.

"Rárá, Fádà. Tó bá gbẹ tán, á wọ́."

"Ẹ má wá fi ohun tí ò tíì gbẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Ọlọ́run nítorí ìyàwó. A kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni wọlé, a kì í sì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó bá gbẹ, ẹ máa bá wa nílé."

Ó tún là á yé e pé ìrìbọmi tí wọ́n ṣe fún un ní kékeré, ìrìbọmi ni. Àwọn ò ní ṣe òmíràn lé e, torí ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ǹda kí ọmọ ìjọ fẹ́ ẹni tí wọ́n rì bọmi nínú ìjọ mìíràn, bí ọmọ ìjọ náà bá ṣèlérí láti di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú, kó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti fi tọ́ àwọn ọmọ, tí ẹnì kejì sì mọ̀ sí i. Ní ti ìyá ìyàwó, Fádà ní agbára Bíṣọ́ọ̀bù ò dé ibẹ̀.

Nígbà tí Alágbàfọ̀ gbọ́ pé kò purọ́ nítorí òun, inú rẹ̀ dùn, ó sì sunkún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àsìkò àtigba Ara Olúwa tó. Bàbá apá ọ̀tún dìde, ìyá apá òsì dìde, Káfíńtà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí Alágbàfọ̀ lè kọjá bó ṣe máa ń ṣe. Kò kọjá. Kò wo ojú rẹ̀, kò sì dì í lọ́wọ́ mú. Ó ṣáà jókòó tì í títí àwọn èèyàn fi lọ tí wọ́n fi bọ̀. Káfíńtà mọ̀ lọ́jọ́ yẹn bó ṣe ń rí kí èèyàn ní ẹnì kejì. Àmọ́ kò mọ ohun tó ná obìnrin náà.

Nínú ìjọ yẹn, ẹni tó bá mọ̀ pé òun dá ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo kì í lọ gba Ara Olúwa àfi tó bá jẹ́wọ́. Ìdí mìíràn tún pọ̀ tí èèyàn fi lè jókòó. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹnu rẹ̀ ni, torí wọ́n máa ń gbààwẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ẹnu ayé mú èyí tó rọrùn? Obìnrin tí kì í pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, tó wá jókòó ti Káfíńtà bí agboòrùn. Kí aago tó lù pé Mísà parí, ọ̀rọ̀ ti dé òpópónà ṣáájú wọn. Àwọn kan ti ń wo ikùn rẹ̀.

Ẹnì kan tó wá bẹ iṣẹ́ ilẹ̀kùn ló fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún Káfíńtà. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó títí, ó sì rí i pé òun gan-an ni gọ́tà tí obìnrin yẹn ti ń yẹra fún. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò kó ẹ̀wù lọ mọ́. Ó pe ìyẹn ní ìfẹ́. Alágbàfọ̀ wá, ó kànkùn, ó pè é. Káfíńtà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó kàn dáadáa débi pé kò ní ihò tí èèyàn lè gbà yọjú, ó sì ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ obìnrin náà ṣe ń jìnnà lọ.

Oṣù ń gorí oṣù. Ó ń kan àga fún àwọn tó ní ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Ìdúró ló ń jẹun. Ó ń kí ìyá rẹ̀ lára ògiri láàárọ̀, ohùn ara rẹ̀ sì ń bà á lẹ́rù, torí òun nìkan ló máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárò obìnrin yẹn ń sọ ọ́ bí ebi, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún.

Àǹtí Kékeré ló wá yọ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àpótí ìjókòó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Káfíńtà wo ojú ibi tó ti kán, ó rí i pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọwọ́ kán an. Alárinà kì í wá lọ́wọ́ òfo. Obìnrin náà jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Láti ọjọ́ tí ọmọ jókòó tì ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí di ìjẹta," ó ní. "Ìgbà tó wá rẹ̀ ẹ́, ó bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá tí kò fi lè gba Ara Olúwa lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o mọ ohun tọ́mọ sọ?"

Káfíńtà ò mọ̀ ọ́n.

"Ó ní òun ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ó ní òun wo bó o ṣe dá jókòó, òun rántí bí ìyá òun ṣe máa ń dá jókòó nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá ẹnì kan jókòó, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, mi ò rí irú rẹ̀ rí, kódà níbi òkú ọkọ rẹ̀. Ìwọ wá sá lọ. Àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn lórí bẹ́ńṣì, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ìwọ lò ń mú un dá jókòó báyìí."

Káfíńtà fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó gbójú sókè, Àǹtí Kékeré ní òun ní ìbéèrè kan tó ti ń dun òun tipẹ́. Kí ló ń ṣe é tó fi ń jókòó bí gbogbo èèyàn bá dìde? Kí ló dé tí kì í lọ gba ìbùkún?

"Ìbùkún wo?"

Obìnrin náà wò ó. Ó ní ẹni tí ò bá lè gba Ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, á ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, á bá àwọn yòókù tò lọ, Fádà á sì súre fún un. Àwọn ọmọdé pàápàá ń ṣe é. Káfíńtà ní òun rí àwọn ọmọdé náà, òun rò pé nítorí wọ́n kéré ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Fádà rò pé Alágbàfọ̀ ti sọ ọ́. Alágbàfọ̀ rò pé ó mọ̀, pé nítorí bàbá rẹ̀ ni kò ṣe fẹ́, kò sì fẹ́ fipá mú un. Ìjọ tó ń ṣàlàyé fìtílà, tó ń ṣàlàyé omi, kò rántí sọ fún àlejò pé àyè wà fún un lórí ìlà. Àǹtí Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dájú pé ẹ̀rín nìkan ni.

Ilé Alágbàfọ̀ ni Káfíńtà kọ́kọ́ lọ. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ níbẹ̀, tiwọn ni. Àwọn méjèèjì jọ lọ bá ìyá náà, Káfíńtà sì dọ̀bálẹ̀.

"Mi ò ní kó o gba ohun tí ọkàn rẹ ò tíì gbà," ìyá náà ní. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tí kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí, ṣé wàá jókòó ti ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bàbá rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má gba ẹnu mi gbọ́, Màmá. Ẹsẹ̀ mi ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ó sì ń wò ó. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, òjò rọ̀ bí ẹni pé ó gba iṣẹ́. Káfíńtà wọlé pẹ̀lú omi lára, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Nígbà tí bẹ́ńṣì dìde, ó bá wọn dìde. Ó ká ọwọ́ líle méjèèjì lé àyà, ó tẹ̀ lé Alágbàfọ̀. Fádà tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ ò ṣẹ̀fẹ̀. Ó rọra ṣe àmì àgbélébùú lórí rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ rí i láti ẹ̀yìn. Kò sọ nǹkan kan ní gbogbo ìgbà òjò náà. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú dáadáa, ó ní kí wọ́n lọ rí Fádà.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù yọ̀ǹda, Fádà bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó ní àwọn tó ń sọ pé Fádà ló ń so tọkọtaya pọ̀ ò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹlẹ́rìí ni òun, òun á súre. Tọkọtaya fúnra wọn ni wọ́n ń fún ara wọn ní sákírámẹ́ńtì náà, ìyẹn àmì mímọ́ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, nígbà tí wọ́n bá jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Káfíńtà ní kó tún un sọ.

"Ṣé èmi náà, Fádà?"

"Ẹ̀yin náà. Wọ́n ti rì yín bọmi."

Gbogbo nǹkan mímọ́ inú ilé yẹn, ńṣe ni Káfíńtà ń wò wọ́n tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá. Ó wá ku ọ̀kan tí ò lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé òun la ẹnu. Fádà tún ní kí wọ́n ṣe é láìsí Mísà, kó má bàa sí ẹni tó máa dìde fi ẹnì kejì sílẹ̀ lórí ìjókòó lọ́jọ́ yẹn. Alágbàfọ̀ ní òun fẹ́ béèrè ohun kan náà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, apá ti ìyàwó kún. Ní apá ti ọkọ, àwọn oníbàárà díẹ̀ jókòó sẹ́yìn, bẹ́ńṣì iwájú sì ṣófo, níbi tó yẹ kí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà. Káfíńtà ti bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun ò ní wo ibẹ̀. Ó wò ó. Ó rántí fèrèsé tó tún ṣe, ó mọ̀ pé á ti wà ní títì báyìí, bàbá òun á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní òun nìkan. Fádà ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kí ọkọ sọ̀rọ̀. Ohùn Káfíńtà ò jáde.

Ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó dìde. Ó mú àpò rẹ̀, ó jáde láàárín àwọn ẹbí, ó gba ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀ṣì sọdá níṣojú gbogbo wọn. Ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó ti ṣìnà, kò wẹ̀yìn. Ó dé bẹ́ńṣì tó ṣófo, ó jókòó sí àyè ìyá ọkọ, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀, ó sì gbójú sókè wo Káfíńtà bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ ka Bíbélì níwájú ìjọ.

Káfíńtà la ẹnu. Ó ní, "Mo gbà ọ́ ní aya mi," ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Fádà na ọwọ́ láti súre fún wọn, ìyá náà kúnlẹ̀ ní òun nìkan lórí pákó gígùn tí Káfíńtà tún ṣe. Pákó náà ò dún.